Owó oṣù òṣìṣẹ́ ìlú, kí ló dé tí wọ́n ń tilẹ̀kùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní California ní káńsù ìlú òun ń jíròrò lórí owó oṣù òṣìṣẹ́, ni wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́rí. Ṣé ó bófin mu?

Ìdáhùn: Ó bófin mu o. Brown Act ti 1953, òfin ìpínlẹ̀ California, ní kí káńsù ṣèpàdé ní gbangba, àmọ́ ó yọ irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìlú Costa Mesa ní California ló wá ṣe tiẹ̀ yàtọ̀ ní 2012 pẹ̀lú òfin COIN, ìyẹn òfin ìdúnàádúrà ní gbangba: ó ní kí wọ́n gba ẹni ìta láti bá yúníọ̀nù dúnàádúrà, kí wọ́n ṣírò iye tó máa ná ìlú, kí wọ́n sì gbé e síta kí wọ́n tó dìbò. Inú yúníọ̀nù ò dùn sí i ṣá nígbà náà. Èmi fara mọ́ ọn, owó ará ìlú kúkú ni, àmọ́ àwọn kọngílá tí ìlú ń gbéṣẹ́ fún náà ńkọ́? Òfin ìpínlẹ̀ ti 2015 ti mú ìyẹn náà: ìlú tó bá ní irú òfin COIN gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà lórí iṣẹ́ ńlá tó ń gbé fún kọngílá.