Báwo la ṣe lè bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀wà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, láìdi ìjà?

Ẹ má ṣe ìwàásù fún wọn. Ẹ mú ẹ̀wà tútù tó ṣì wà nínú èèpo, èyí tí kòkòrò ti lu, lọ bá àwọn ìyá alẹ́wà l'ọ́jà Bódìjà. Ẹ là á lójú wọn kí wọ́n rí ìdin kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Maruca. Òun ni ẹ̀wà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019 ń dènà. Àbùdá bakitéríà kan ni wọ́n fi sí i. Kò dènà kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà gbígbẹ nínú àpò o! Ẹ tètè sọ ìyẹn, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

Ètò rédíò tí aráàlú lè pè sí náà dáa, bí olóòtú ò bá ti ní máa gé ìbéèrè líle kúrò.