Èsì: Ìran kópúrà tó kọ̀ láti gba owó béèlì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bí ìran inú fíìmù yín, níbi tí kópúrà ọlọ́pàá ti kọ̀ láti gba owó béèlì ní tẹ́ṣàn Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, yóò ṣe jọ òótọ́. Àsọjù ọ̀rọ̀ ló máa ń bà á jẹ́. Kópúrà kì í wàásù fún DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn rẹ̀. Ẹ ki owó náà sáàárín fáìlì, kí ọ̀gá fi ìka kan ṣoṣo tì í kọjá lórí tábìlì. Kí kámẹ́rà dúró sórí ọwọ́ kópúrà títí tí yóò fi tì í padà, láìsọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àkọlé "béèlì, ọ̀fẹ́ ni" hàn lára ògiri lẹ́yìn wọn.

Òfin ni kí ẹ fi mú kí eré náà le. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí afurasí dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ méjì tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí pé ó tọ́. Kóòtù wà ní Ìkẹ́rẹ́ gan-an, nítorí náà wákàtí 24 ni ẹ ní. Ẹ fi aago ògiri hàn lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó.

Bí sájẹ́ǹtì bá sọ fún ìyàwó afurasí pé obìnrin kì í ṣe onídùúró, irọ́ ni, kí kópúrà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti owó lọ.

Ẹ má wọ yunifọ́ọ̀mù ọlọ́pàá láìgbàṣẹ o. Ẹ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó gbé kámẹ́rà.