Wọn ò kọ iṣẹ́ rẹ o

Àbúrò mi ní Mopa, òkun o. O ní jọ́nà, ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, dá iṣẹ́ ìwádìí rẹ padà pẹ̀lú àkíyèsí 23, wọ́n kọ "major revision" sí i, ìyẹn ni pé kí o tún un ṣe gan-an, o sì fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí olóòtú ò bá fẹ́ kì í sábà dọ́wọ́ olùyẹ̀wò, ìyẹn onímọ̀ tó ń ka iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde; olóòtú fúnra rẹ̀ ló máa dá a padà. Tìrẹ ti kọjá ibẹ̀. Onímọ̀ méjì ti jókòó kà á, láìgba kọ́bọ̀.

Èmi náà gba irú lẹ́tà yẹn rí. Iṣẹ́ mi dá lórí ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà nínú ebè ní Ìjùmú. Olùyẹ̀wò kejì bi mí pé: báwo lo ṣe yan àwọn oko yìí? Inú bí mi gan-an. Mo pa lẹ́tà náà tì fún oṣù méje. Nígbà tí mo máa fi padà sídìí ẹ̀, gbèdéke ti kọjá, olóòtú ní kí n fi ránṣẹ́ bí iṣẹ́ tuntun. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni ọkùnrin yẹn, tàbí obìnrin yẹn, bi mí. Oko etí títì nìkan ni mo yàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀kadà lè gbé mi dé. Àwọn oko ẹ̀yìn odò, níbi tí ilẹ̀ ti ń rin jù, mi ò débẹ̀.

Láti dá wọn lóhùn, fa ìlà sí àárín ìwé. Kọ ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò sápá òsì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má fo ìkankan. Kọ èsì rẹ sápá ọ̀tún, pẹ̀lú ojú ìwé àti ìlà tí o ti tún un ṣe. Èyí tí o ò bá fara mọ́, sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, má bá a jà. Bí àwọn méjèèjì bá tako ara wọn, bi olóòtú léèrè èwo ni kó o tẹ̀ lé.

Má sì fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ já a dànù. Jọ́nà tó bá ní òun ti gba iṣẹ́ rẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tó fi nọ́ńbà àkáǹtì tẹ̀ lé e, sá fún un. Kò sẹ́ni tó kà á.

Wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, ọjọ́ mélòó ló kù? Bí kò bá ní tó ọ, kọ sí olóòtú lónìí, kó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un fún ọ. Wọ́n sábà máa ń gbà.