Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ̀rọ Òwú Tí Ó Sọ Ẹrú Di Púpọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá ìyá mi máa ń tẹ́ òwú sórí òkúta pẹlẹbẹ, á sì máa yí ọ̀pá irin lé e lórí títí kóró yóò fi bọ́ jáde. Iṣẹ́ tí ń súni ni. Mo wá kà á pé ará Amẹ́ríkà kan ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọdún 1793, àti pé láti ìgbà náà ni oko ẹrú ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ṣé kò yẹ kí ẹrú dín kù ni? (Olùkàwé kan, Ìsẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà. Oríṣi òwú tí ó ń ṣe dáadáa ní àárín ilẹ̀ apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní kóró tí irun aláwọ̀ ewé bò, òwú a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Èyí tí kóró rẹ̀ ń dán, tí igi tàbí irin tí ń yí lè tètè lé jáde, kò fẹ́ ibòmíràn ju etíkun àti erékùṣù lọ. Nítorí náà, bí ilẹ̀ ti pọ̀ tó nì, kò wu ènìyàn láti gbin òwú sí i, nítorí ẹnì kan lè jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó má rí ju nǹkan bí ìwọ̀n pọ́ùn 1 yọ kóró rẹ̀ tán.

Eli Whitney, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yale, wà ní oko Catharine Greene, opó ọ̀gágun kan, nítòsí Savannah ní Georgia, nígbà tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Igi róbótó tí a kan eyín wáyà mọ́ ni. Bí a bá ti ń yí i, eyín wọ̀nyí a máa fa òwú gba àwọn àlàfo tóóró tí kóró kò lè gbà kọjá, búrọ́ọ̀ṣì kan a sì máa gbá òwú mímọ́ náà kúrò lára wọn. Ẹni tí ń fi ọwọ́ yí i lè rí tó pọ́ùn 50 ṣe lóòjọ́. (Whitney kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè rẹ̀, nítorí àwọn olóko ń ṣe tiwọn láìka ìwé àṣẹ tí ìjọba fún un ní ọdún 1794 sí, ẹjọ́ sì gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í gbin òwú, kì í ro oko, kì í sì í ká a. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó dí ọ̀nà fún gbogbo ìyókù ni ó gbà ṣe. Bí ọ̀nà yìí ti ṣí, tí àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Manchester sì ń béèrè òwú lójoojúmọ́, gbogbo igbó tí olóko bá ṣán di owó, oko náà sì ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò ro ó. Nǹkan bí 700,000 ni ẹrú tí ó wà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1790, ṣùgbọ́n ní ọdún 1860 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4. Òfin ti fòpin sí kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní ọdún 1808, nítorí náà àárín ilẹ̀ wọn ni òwò náà gbà: nǹkan bí mílíọ̀nù 1 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò ní Virginia, Maryland àti agbègbè wọn lọ sí Alabama, Mississippi àti Louisiana, tí wọ́n ya ọkọ kúrò lára aya, ọmọ kúrò lẹ́yìn ìyá. Ọkọ̀ ojú omi tí ń fi ooru omi gbígbóná rìn, èyí tí Robert Fulton fi lọ láti New York sí Albany fún wákàtí 32 ní ọdún 1807, dé odò Mississippi ní kété lẹ́yìn èyí, òun ni ó sì ń kó òwú lọ sí New Orleans. Èmi kò ní di ẹ̀bi náà ru igi àti wáyà. Àwọn tí ó ní oko ni ó yàn láti ra ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé irú ẹ̀rọ yìí dé Abẹ́òkúta? (Olùkàwé kan, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1850, àwọn míṣọ́nnárì CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà láti Ìlú Ọba) àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n gbà pé bí àwọn ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba bá lè ra òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní òmìnira, agbára olóko ẹrú yóò rọ̀. Èrò kan náà ni ó gbé Martin Delany, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti Robert Campbell, ọmọ Jamaica, dé ọ̀dọ̀ Aláké Okúkẹnù. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, wọ́n bá Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn pé kí àwọn adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀dó síbẹ̀, kí wọ́n sì máa dáko. Àdéhùn náà kò dúró, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1861. Campbell padà wá fi Èkó ṣe ilé, ó sì dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ níbẹ̀. Delany wọ iṣẹ́ ológun, ó sì di ọ̀gá ológun ní ipò tí wọ́n ń pè ní major ní ọdún 1865, nínú ogun tí ó tú oko ẹrú ká.