Ìwé àgbo Màmá l'Óṣogbo: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè òkun

Àǹtí wa ní Leeds, ẹ kú àjò, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi nìyí: Màmá ń ta àgbo ní Ayétòrò, l'Óṣogbo, ó ti lé lógún ọdún. Àwọn oníbàárà ń ní kí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò kí wọ́n lè máa gbé e rìnrìn-àjò. Ẹ wá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí agent kan kó bá wọn gba nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kí wọ́n sì gbé pátákó "Clinic" kọ́ síwájú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi owó yẹn ránṣẹ́.

Ohun méjì ni ẹ dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ìtọ́jú tí Màmá ń ṣe fún ẹni tó bá wá jókòó níwájú wọn, tí wọ́n bi í ní ohun tó ń ṣe é, tí wọ́n sì se tirẹ̀ fún un, òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìgò tí ẹni tí Màmá kò rí rí lè rà n'Íkìrun tàbí l'Ékòó, òfin tirẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. NAFDAC kì í fún ènìyàn níwèé àṣẹ láti máa tọ́jú aláìsàn. Ọjà ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé nọ́ńbà NAFDAC yóò sọ ilé Màmá di ilé ìwòsàn, yálà kò mọ iṣẹ́ náà tàbí ó ń tàn yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìtọ́jú ná. Òfin tó de àwọn dókítà ní Nàìjíríà, Medical and Dental Practitioners Act, fi ìyà sí i ní abala 17 fún ẹnikẹ́ni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní dókítà. Àmọ́ abala yẹn kan náà fi àyè sílẹ̀ fún irú Màmá: ẹni tí àwọn ará ìlú rẹ̀ lápapọ̀ bá gbà pé ó kọ́ ìṣègùn tó jẹ́ ti ìlú náà, kò dẹ́ṣẹ̀ bó bá ń ṣe é. Àyè ọ̀hún ní ààlà, ààlà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Kò kan gígé ẹran ara ènìyàn, àfi ilà abẹ́ kíkọ nìkan. Kò sì kan oògùn olóró. Gbẹ́rẹ́ sínsín, ẹran ara gígé ni. Bí ọmọdé kan bá lọ kó àrùn láti ojú gbẹ́rẹ́ tí Màmá sín fún un, àyè tí òfin fi sílẹ̀ yẹn kò ní dáàbò bò wọ́n. Ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn ni. Dídábẹ́ fún ọmọbìnrin kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí: òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti kà á léèwọ̀.

"Tí àwọn ará ìlú bá gbà" yẹn, báwo ni ènìyàn ṣe ń fi í hàn? Káàdì ẹgbẹ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ wúlò níbí, pẹ̀lú lẹ́tà láti ọwọ́ baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò tó sọ iye ọdún tí Màmá ti fi ń ṣiṣẹ́ àti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀rí ni káàdì náà o, kì í ṣe ìwé àṣẹ ìjọba. Kí ẹnìkan bá wọn kó ẹ̀dà méjèèjì, fọ́tò méjì àti NIN Màmá lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera ní Sẹkitéríàtì Abẹ́ẹ̀rẹ̀, kí wọ́n béèrè ọ́fíìsì tó ń mójú tó oníṣègùn ìbílẹ̀, kí wọ́n sì gba ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìta ọ́fíìsì kò níye lórí.

Pátákó wá ńkọ́? Ẹ yọ "Clinic" kúrò, ẹ yọ "Hospital" kúrò, ẹ má sì jẹ́ kí "Dr" wà níwájú orúkọ Màmá. "Ilé Ìṣègùn Ìbílẹ̀" tàbí "Traditional Herbal Home" tó. Bí aláìsàn bá ń sùn mọ́jú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ wò, wolé-wolé náà yóò sì dé. Mo bẹ̀ yín, bí wọ́n bá ń gba àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú sílé, ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀wọ̀n àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dúró lónìí. National Mental Health Act tí ààrẹ buwọ́ lù ní January 2023 fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́, dídè wọ́n mọ́lẹ̀ sì lè sọ oníṣègùn rere di ọ̀daràn.

Ẹ̀yin ẹni kejì tó béèrè lábẹ́ ìbéèrè Àǹtí, tí ẹ kọ́ acupuncture, ìyẹn ìtọ́jú abẹ́rẹ́ gígún, ní Ṣáínà tí ẹ sì fẹ́ wá ṣí ilé iṣẹ́ sí Òkè-Fìà: ti yín kò sí lábẹ́ àyè ìṣègùn ìbílẹ̀ rárá, torí kì í ṣe ìṣègùn Òṣogbo. Abẹ́ MDCN ni alternative medicine wà. Ọ̀dọ̀ wọn l'Ábújá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó san owó ṣọ́ọ̀bù.

Àǹtí, ó wá ku ìgò Màmá. Ibi tí owó wà nìyí, ibẹ̀ náà ni wàhálà pọ̀ sí.

Ìforúkọsílẹ̀ tí irú ọjà Màmá máa ń rí gbà ni èyí tí wọ́n ń pè ní listing. Ọdún méjì ló ń lò. Ẹ ó rí lẹ́tà L ní ìparí nọ́ńbà rẹ̀, bíi A7 tí nọ́ńbà tẹ̀ lé, kí L tó parí rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò pé kò ní pa ènìyàn lára. Wọn kò sọ pé ó ń wo àìsàn kankan sàn. Ìdí nìyẹn tí lébẹ́lì fi gbọ́dọ̀ gbé gbólóhùn yìí bó ṣe wà, ní èdè òyìnbó: "These claims have not been evaluated by NAFDAC." Ìforúkọsílẹ̀ kíkún ń lo ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ẹ̀rí ìwádìí lára ènìyàn, èyí tí owó ilé kan kì í sábà ká.

Bí ẹ ṣe tò ó tẹ̀ léra wọn ló ń gba owó là tàbí kó fi í ṣòfò. Orúkọ ló ṣáájú. Ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè ṣe é láti Leeds bí NIN yín àti ti Màmá bá wà. Ẹ mú orúkọ méjì dání, torí wọ́n lè kọ ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí orúkọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń bá yín pa á mọ́. Ẹ fi orúkọ Màmá àti tiyín síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì tó ni òwò náà, kí ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù sì jẹ́ tiyín. Bí agent bá fi ímeèlì tirẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọjọ́ tí ìjà bá dé lẹ ó mọ̀. Ọdọọdún, kí June 30 tó kọjá, ìròyìn ọdún gbọ́dọ̀ wọlé sí CAC.

Lẹ́yìn èyí ni trademark, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ tó fi hàn pé ẹ ló ni orúkọ ọjà, fún orúkọ tí yóò wà lára ìgò, torí NAFDAC yóò béèrè rẹ̀. Orúkọ òwò ní CAC kì í ṣe trademark. Ọdún méje ni trademark fi ń bẹ̀rẹ̀, ìsọdọ̀tun rẹ̀ sì jẹ́ ọdún 14. Ẹ má tẹ lébẹ́lì kankan kí èyí tó jáde. Àìmọye lébẹ́lì ló ti di ìdáná torí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ wá jókòó ti Màmá lórí fóònù, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú àgbo sílẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí le. Oníṣègùn kì í fẹ́ tú ìdí oògùn. Ṣùgbọ́n NAFDAC kò ní gba "ewé àti egbò". Wọ́n fẹ́ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pè é, apá tí ẹ lò, àti ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù. Ahùn ni Alstonia boonei, èèpo igi ni ẹ lò, gíráàmù mélòó nínú lítà omi kan. Asofẹ́yẹjẹ ni Rauvolfia vomitoria, egbò ni. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ní èròjà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọsibítù tó tún mu ún lè dákú, nítorí náà ìkìlọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára lébẹ́lì. Tí Màmá bá ń fi igbá tàbí ìkúnwọ́ wọn ewé, ẹ ra ìwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná, kí wọ́n wọn igbá tàbí ìkúnwọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ sì wá àárín rẹ̀.

Fún orúkọ ewé tó dájú, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ní OAU, Ifẹ̀, tàbí ilé ìpa-ewé-mọ́ FRIN, ilé ìwádìí igbó ti ìjọba, n'Íbàdàn. Kí wọ́n má gbé èèpo nìkan lọ: ẹ̀ka tó ní ewé, òdòdó tàbí èso, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kó tó rọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ewé méjì ní ọjà Ìgbọ̀nà àti ní Ọjà Ọba nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń já ewé fún Màmá pé kí wọ́n má wọ Igbó Ọ̀ṣun: ilẹ̀ àjogúnbá tí ìjọba àti UNESCO dáàbò bò ni. Bí akika tàbí igún bá wà nínú àwọn ohun èlò wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Òfin dáàbò bo àwọn ẹranko yẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń sè é wá ńkọ́? Ilé ìdáná Màmá kò ní kọjá. Wọ́n ń fẹ́ yàrá tó dá dúró: ibi tí ewé ń wọlé sí, ibi tí wọ́n ti ń gún un tàbí sè é, ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ìgò, ibi ìpamọ́. Ògiri tó ṣeé fọ̀, nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, omi kànga dẹ̀rọ tó ní èsì àyẹ̀wò, ṣáláńgá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò dojú kọ ibi iṣẹ́, àti ìwé ìlera àwọn tó ń fọwọ́ kan ọjà. Wọn yóò tún béèrè ẹni tó ń bójú tó ìpèsè àti ìwé ẹ̀rí tó ní. Tí owó kò bá ká èyí, ẹ bá ilé iṣẹ́ tó ti ní ìwé NAFDAC ṣe àdéhùn kó máa bá yín pèsè. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, lọ́yà gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀, kó sì sọ ọ́ kedere pé Màmá ló ni ìlànà ìpèsè.

Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn kan tó lè dín ìnáwó kù: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgúnmu, ẹ fi àgbo omi sílẹ̀ ná. Àgbo tí wọ́n sè láàárọ̀, ní ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ó ti ń kan. Màmá mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún oníbàárà pé "ẹ máa fi iná sí i." Nínú ìgò tí ẹ dé pa, ta ni yóò fi iná sí i? Yóò máa hó lábẹ́lẹ̀, ìdérí yóò wú, ẹni tó bá ṣí i yóò gbọ́ ìró bíi ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ilé àyẹ̀wò NAFDAC yóò bá kòkòrò nínú rẹ̀, wọn óò sì dá a padà. Àgúnmu tó gbẹ dáadáa kò ní omi tí kòkòrò fi ń jẹun. Kí wọ́n sá a sórí àtẹ tó ga nílẹ̀, lábẹ́ òjìji, kì í ṣe lórí ọ̀dà títì níbi tí mọ́tò ti ń da eruku sí i. Kó tó bọ́ sínú ọlọ, ewé gbọ́dọ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ láì tẹ̀.

Ìwé NAFDAC fúnra rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fi sílẹ̀, lórí NAPAMS, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ọjà ti NAFDAC. Wọn yóò yẹ ìwé wò, wọn yóò wá wo ibi iṣẹ́, wọn yóò mú àpẹẹrẹ ọjà lọ síbi àyẹ̀wò, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé ẹ ṣàtúnṣe, ẹ dáhùn kókó kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò ó. Ìwé tí kò lésì ló ń pẹ́ jù. Lébẹ́lì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ọjà, ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n, bí a ṣe ń lò ó, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, batch number, ìyẹn nọ́ńbà ìpèsè kọ̀ọ̀kan, àti àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti ṣe é. "Òṣogbo" nìkan kì í ṣe àdírẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì ń kó ẹni tí ìwé rẹ̀ pé sí wàhálà. "Ó ń wo jẹjẹrẹ, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà" wà lára ohun tí Food and Drugs Act kà léèwọ̀ láti polówó fún ará ìlú. Kí ìpolówó oògùn tó dé orí rédíò, NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó, náà sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Fídíò tí ẹ bá gbé sórí Facebook láti Leeds pẹ̀lú àdírẹ́sì Ayétòrò, ìpolówó ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì po oògùn òyìnbó mọ́ àgúnmu kó lè tètè ṣiṣẹ́. Ilé àyẹ̀wò ń rí i, ó sì ti ba kíndìnrín àwọn ènìyàn jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò yín máa buwọ́ lùwé fún yín nílé, ẹ ṣe power of attorney, ìyẹn ìwé tó fún un láṣẹ láti ṣojú yín, níwájú notary public, òṣìṣẹ́ òfin tó ń jẹ́rìí sí ìwé, tàbí ní ilé aṣojú Nàìjíríà ní London. Abala 150 nínú Evidence Act ti 2011 ń jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí òótọ́ láìjẹ́ pé ẹ fò wá jẹ́rìí. Kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹ sì ka iṣẹ́ tí ẹ rán an sílẹ̀: CAC, trademark, NAFDAC. Ẹ má kọ "gbogbo ọ̀rọ̀ mi".

Ẹ má sì kó ìgò náà wọ Ìlú Ọba tí ẹ ń gbé láti tà. Nọ́ńbà NAFDAC kò ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀. Oògùn ewé tí wọ́n bá ń tà lórí àtẹ níbẹ̀ ń fẹ́ ìforúkọsílẹ̀ MHRA, àjọ tiwọn tó ń mójú tó oògùn.

Ní ti agent yín, ẹ ní kó fi nọ́ńbà RRR ti Remita, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń san owó fún ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ránṣẹ́ fún owó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín san án fún ìjọba, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá ní òun ti ní nọ́ńbà NAFDAC nílẹ̀ tí ẹ lè lò, ẹ wá nọ́ńbà náà lórí Greenbook NAFDAC, àkójọ ọjà tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ọjà ẹlòmíràn lẹ ó bá níbẹ̀.