Orin Kíkọ ní Ilé Ọtí Kékeré: Kí ni Olórin Ń Rí Níbẹ̀, Kí ni Ó sì Ń Pàdánù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olórin ni mí, èmi nìkan ni mo ń kọrin tí mo sì ń ta gìtá. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ṣeré ní àwọn ilé ọtí kékeré ní òpin ọ̀sẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ bò mí mọ́lẹ̀, nígbà mìíràn onílé ọtí a sì dín owó tí a jọ sọ kù nítorí pé èrò kò pọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá ibi tó gbayì lọ. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni, àbí ọ̀nà wà tí kò fi ní í máa já sí àdánù fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá a lọ bí ẹ ti ń ṣe é yìí. Nínú ohun mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀, èyí tí ó dùn mí jù ni ti owó tí wọ́n ń dín kù, nítorí pé òun nìkan ni ó jẹ́ ìrẹ́jẹ. Àwọn méjì yòókù jẹ́ ara iṣẹ́ náà.

Ọtí ni onílé ọtí ń tà. Ó ń pe olórin kí àwọn tó bá wọlé lè pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí èrò kò bá wá, àdánù òwò tirẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí kò ti lè dín owó ẹni tó ń gbé ọtí fún oníbàárà kù nítorí pé àga ṣófo. Àfi bí ẹ bá ti jọ fẹnu kò pé inú owó ẹnu ọ̀nà, tàbí ìdá kan nínú owó tí wọ́n bá pa lálẹ́ ọjọ́ náà, ni tiyín yóò ti jáde. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò burú fún ẹni tí ó ní àwọn olólùfẹ́ tí yóò tẹ̀ lé e wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ pé àwọn oníbàárà ilé ọtí fúnra rẹ̀ ni ó ń gbọ́ orin rẹ̀, owó pàtó ni kí ó béèrè.

Kí ẹ tó gbé gìtá kúrò nílé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí onílé ọtí, kí ẹ sì rí i pé ó fèsì. Kò yẹ kí ó gùn: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Gẹ́gẹ́ bí a ti jọ sọ, aago 8 ni n ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó ṣeré, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n ó sì sinmi díẹ̀ láàárín. Ẹ óò san owó mi lálẹ́ ọjọ́ náà kí n tó kó ẹrù mi, èrò ìbáà pọ̀, ìbáà kéré.” Ẹ kọ iye owó náà síbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò pèsè sípíkà àti máíkì, nítorí pé iṣẹ́ méjì ni ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá ń ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò èrè yín, ẹ má ka wákàtí tí ẹ fi kọrin nìkan: owó ọkọ̀, àkókò tí ẹ fi to ẹ̀rọ àti èyí tí ẹ fi tú u, okùn gìtá tó já, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú iṣẹ́. Ọtí ọ̀fẹ́ kì í ṣe owó.

Bí ó bá jẹ́ pé orin tí ẹ fúnra yín ṣẹ̀dá ni ẹ ń ṣe, owó mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ olórin kì í lọ gbà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀dá orin, irú bíi PRS ní Bìrìtéènì àti ASCAP ní Amẹ́ríkà, tí a dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní ọdún 1914, ní ètò tí ọmọ ẹgbẹ́ fi lè kọ orúkọ àwọn orin tirẹ̀ tí ó ṣe lóde ránṣẹ́ kí ó sì gba owó lé wọn lórí, bí ilé tí ó ti ṣe wọ́n bá ti gba ìwé àṣẹ láti máa lo orin níbẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bò yín mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ olórin a kàn yí ẹ̀rọ sókè, èyí gan-an ni kò sì yẹ. Ènìyàn a máa gbé ohùn sókè láìmọ̀ bí ariwo àyíká rẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i. Dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1911. Bí orin bá ròkè, ọ̀rọ̀ wọn náà yóò ròkè, ẹ óò tún fi kún un, títí etí gbogbo yín yóò fi máa hó. Ewu sì wà níbẹ̀. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbà pé òṣìṣẹ́ lè wà nínú ariwo 85 dẹ̀síbẹ̀lì (òun ni a fi ń wọn ariwo) fún wákàtí 8 lójúmọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ariwo bá fi 3 lé sí i ni àkókò yẹn ń dín sí ìdajì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù nígbà tí ó bá dé 100.

Èmi a máa mú orin wálẹ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn mẹ́rin jókòó sí tábìlì tó sún mọ́ mi jù, wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Mo ṣíwọ́ ọwọ́ líle lára gìtá, mo ń fi àtàǹpàkò nìkan fa okùn, mo sì kọ ẹsẹ̀ kejì orin náà bí ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀kan nínú wọn yíjú, ó gbé ife sílẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ó dákẹ́. Àwọn méjì yòókù kò dákẹ́, n kò sì retí rẹ̀. Ẹni méjì nínú mẹ́rin dára púpọ̀ ní irú ibẹ̀.

Ẹ gbé sípíkà síwájú máíkì, kí ó kọjú sí èrò, nítorí pé bí máíkì bá ń gbọ́ ohun tó ń ti inú sípíkà jáde, sípíkà yóò máa han gooro. Ẹ gbé e ga ju orí àwọn tó jókòó lọ, torí pé ara àti aṣọ ènìyàn a máa fa ohùn tín-ín-rín mu; ìdí nìyí tí ohun tí ẹ gbọ́ nígbà tí yàrá ṣófo kì í fi í jọ èyí tí ẹ óò gbọ́ nígbà tí ó bá kún.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ pé ibi tó gbayì dára, ṣùgbọ́n níbẹ̀, àwọn òǹgbọ́ ti sanwó, wọn yóò ní sùúrù fún yín. Ní ilé ọtí, kò sí ẹni tó jẹ yín ní gbèsè etí, ibẹ̀ sì ni ẹ ti ń mọ orin tó yẹ kó tẹ̀ lé èwo, àti ohun tí ẹ óò sọ nígbà tí okùn bá já láàárín orin. Nígbà tí àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin ará Bìrìtéènì, lọ sí Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń ṣeré lóru níwájú àwọn tó wá mutí, ó sì di dandan fún wọn láti mọ orin púpọ̀. Àdánù tó ń bà mí lẹ́rù jù fún yín ni pé kí ẹ máa kọ orin tí wọ́n bá béèrè títí tí orin tiyín kò fi ní í dàgbà mọ́. Ẹ máa fi méjì tàbí mẹ́ta nínú tiyín sí àárín gbogbo eré, níbi tí etí èrò ti là dáadáa.

Onílé ọtí tó ti dín owó yín kù, ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá kọ̀ láti fèsì, tàbí tí ó fèsì tí ó sì tún dín in kù, ẹ má padà síbẹ̀. Àwọn tó ń sanwó pé, bí owó náà tilẹ̀ kéré, ẹ dì wọ́n mú, kí ẹ sì béèrè àfikún nígbà tí ẹ bá ti rí i pé àwọn oníbàárà kan náà ń padà wá ní alẹ́ tí ẹ ń ṣeré.