Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì tan ẹ̀rọ yẹn: omi Dartford kì í ṣe omi Glasgow

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé tuntun o. Ilé náà á tura fún gbogbo yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó dáhùn, torí ohun tí ẹ bèèrè yìí ti ná mi lówó, ó sì ti bà mí nínú jẹ́. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Glasgow ní Scotland wá sí Dartford lẹ́bàá London, ẹ ra ẹ̀rọ ìfọbọ́ tuntun. Ẹni tó wá so ó mọ́ omi ní kí ẹ lọ ra iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sára páálí táblẹ́ẹ̀tì ọṣẹ ìfọbọ́ tí ẹ rà pé iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ fi lo ẹ̀rọ ní Glasgow láìra iyọ̀ rí, abọ́ yín sì ń dán. Ẹ wá ń bèèrè ẹni tí kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹni tó so ẹ̀rọ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ má sì tíì tan án rárá títí ẹ ó fi ka èyí tán.

Omi tí ẹ ń lò ní Glasgow, láti Loch Katrine ló ti ń wá, adágún kan láàárín àwọn òkè. Láti 1859 ni wọ́n ti ń fà á wá sí ìlú. Òkúta ibẹ̀ kì í yọ́ sínú omi, ìdí nìyẹn tí omi náà fi rọ̀. Dartford ní tirẹ̀, orí òkúta funfun tó dà bí ẹfun ni gbogbo agbègbè yẹn jókòó lé. Òjò tó bá rọ̀ á wọ inú òkúta náà, bó ṣe ń rìn lọ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí kálísíọ́mù àti magnésíọ́mù inú rẹ̀ á fi bá omi lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní omi líle. Ojú kò lè rí i, kò sì pa ẹni tó ń mu ún lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé omi náà kaná, òkúta tó yọ́ á tún padà di òkúta. Ẹ máa bá a nídìí kẹ́tù yín kí oṣù yìí tó parí.

Ìyá ìyá mi mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí ẹ̀rọ ìfọbọ́ rí láyé wọn. Ewékorò ni wọ́n ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí, korobá àti báfù á ti tò sábẹ́ òrùlé. Wọ́n ní omi kànga ń jẹ ọṣẹ. Ẹ á fi ọṣẹ pa aṣọ títí, kò ní hó, ṣe ni nǹkan funfun á kàn máa léfòó lójú omi. Bó bá jẹ́ omi òjò ni, ọṣẹ díẹ̀ báyìí á hó bo ọwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ omi òjò àti omi kànga yẹn náà ló wà láàárín Glasgow àti Dartford.

Mo gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí mo nílò rẹ̀. Ní 2016 la kúrò ní Manchester wá sí Plumstead, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ yín. Omi Lake District ni wọ́n ń fún wa ní Manchester, òun náà rọ̀ bíi ti Glasgow. Mo ra ẹ̀rọ tuntun, mo sọ táblẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, mo tan án. Iná kékeré pupa kan ń tàn níwájú ẹ̀rọ, ìyàwó mi bèèrè ohun tó túmọ̀ sí, mo ní kò sí nǹkan kan. Láàárín oṣù mẹ́ta, ife gíláàsì ti ń jáde bí ẹni pé wọ́n fi èlùbọ́ kùn ún. Abọ́ oníke tí a bá fi bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ á jáde pẹ̀lú epo pupa tó dì mọ́ ọn lára. Nígbà tó fi máa di ogún oṣù, ẹ̀rọ kò mú omi gbóná mọ́. Oníṣẹ́ tó wá tú u pè mí kí n wá wò ó: irin tó ń gbóná ti wọ ẹ̀wù òkúta, ó nípọn bí èèpo ẹyin mẹ́ta tí wọ́n tò lé ara wọn. Owó àtúnṣe tó bèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ mìíràn. Iná pupa yẹn, iná iyọ̀ ni.

Nísàlẹ̀ ẹ̀rọ yín, níbi tí ojú kò tó, àpò kan wà tí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Omi tó ń wọlé gbọ́dọ̀ gba àárín ìlẹ̀kẹ̀ náà kọjá. Ìlẹ̀kẹ̀ á di kálísíọ́mù àti magnésíọ́mù mú, á sì fi sódíọ́mù rọ́pò wọn. Tó bá yá, ìlẹ̀kẹ̀ á yó, kò ní lè di nǹkan kan mú mọ́. Ibẹ̀ ni iyọ̀ ti wúlò. Ẹ̀rọ á fi omi iyọ̀ ṣan ìlẹ̀kẹ̀ náà, ohun tó dì mú á tú jáde, á bá omi ìdọ̀tí lọ, ìlẹ̀kẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Iyọ̀ yìí kì í kan abọ́ rárá. Nítorí náà, ẹ wo ohun tí páálí táblẹ́ẹ̀tì ń sọ dáadáa. Inú ibi tí abọ́ wà ni táblẹ́ẹ̀tì ti ń yọ́. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà dé ọ̀dọ̀ ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èròjà tó ń di òkúta inú omi mú nígbà tí ìfọ̀ ń lọ lọ́wọ́, àmọ́ omi tuntun ni ẹ̀rọ fi ń ṣan abọ́ kẹ́yìn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni èròjà yẹn sì máa ń kù nígbà náà. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn páálí náà, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á ti kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré pé bí omi bá le ju ìwọ̀n kan lọ, ẹ fi iyọ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni táblẹ́ẹ̀tì ìsinsìnyí kò lágbára lórí omi líle bíi ti àtijọ́, torí fọ́sífétì, èròjà tó ń di òkúta inú omi mú, tó wà nínú wọn nígbà náà, òfin Yúróòpù ti dín in kù gan-an láti January 2017, nígbà tí Britain ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Ó yá, nọ́ńbà omi yín. Èyí lẹ kọ́kọ́ máa wá, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ omi tó ń fún yín lómi, ẹ tẹ póòsítì-kóòdù yín, wọ́n á sọ bí omi náà ṣe le tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, torí òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Tèmi ní Plumstead jẹ́ mílígíráàmù 285 ti kálísíọ́mù kábónétì nínú lítà omi kan. Omi kan náà yìí, tí ẹ bá fi òṣùwọ̀n Clark wọ̀n ọ́, ó jẹ́ 20. Tí ẹ bá fi ti Jámánì, tí wọ́n ń kọ ní °dH, ó jẹ́ 16. Ti Faransé jẹ́ 28 àti ààbọ̀. Àwọn ìwé ẹ̀rọ kan á sì kọ mmol/L, èyí tó jẹ́ 2.85. (Clark yẹn, Thomas Clark ni, ọmọ Scotland tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Aberdeen. Ní 1841 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà láti rọ omi líle.) Ẹ ṣọ́ra tí ìkànnì bá kọ kálísíọ́mù nìkan, torí nọ́ńbà yẹn máa kéré. Ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó lò ó. Láti sọ mílígíráàmù di ti Jámánì, ẹ fi 17.8 pín in. Tí ẹ bá bá bébà tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìdánwò nínú àpò tí ìwé ẹ̀rọ wà, ẹ rì í bọ omi kí ẹ fi wo bóyá wọ́n ṣe déédéé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ agbọ̀n ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ ó rí ìdérí kan nílẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ ṣí i. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ bu nǹkan bíi lítà omi kan sí i. Ẹ ki àrọ tó bá ẹ̀rọ wá bọ̀ ọ́, kí ẹ wá da iyọ̀ sí i títí á fi kún. Ó máa gbà tó kílò kan sí kílò kan àtààbọ̀. Omi á máa tú jáde bí iyọ̀ ṣe ń wọlé, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ nu ẹnu ihò náà kí hóró iyọ̀ kankan má ṣẹ́ kù, torí hóró kan ṣoṣo lè máà jẹ́ kí ìdérí ṣe wẹ́kú. Ẹ dé e pa, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀ láìkó abọ́ sí i. Ẹ má sọ pé ó di alẹ́. Omi iyọ̀ tó bá sùn sórí irin á jẹ irin náà. Iná iyọ̀ lè má kú lọ́jọ́ náà, iyọ̀ ní láti yọ́ ná.

Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìfọbọ́ ni kí ẹ rà o. Ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́. Wọ́n ti po èròjà tí kì í jẹ́ kó dì mọ́ ọn, hóró rẹ̀ sì kéré jù, àwọn nǹkan wọ̀nyí lè dí ọ̀nà àpò náà. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ìbejì pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ọṣẹ sí ihò iyọ̀. Bí ọṣẹ bá kan àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ó lè bà wọ́n jẹ́ pátápátá.

Ó wá ku títò nọ́ńbà líle omi sórí ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ti fi sí iye kan kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, iye náà lè máà bá omi yín mu. Inú ìwé ẹ̀rọ lẹ ó ti rí bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi sí ibi tí nọ́ńbà yín bọ́ sí, kí ẹ sì mọ òṣùwọ̀n tí ìwé náà ń lò. Ẹ má fi sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tí mo fi ẹ̀rọ kejì ṣe. Lẹ́yìn tí òkúta pa ti àkọ́kọ́, mo búra pé kò tún ní ṣẹlẹ̀. Mo ra iyọ̀, mo gbé nọ́ńbà dé òkè pátápátá, ètò ìfọ̀ tó gbóná jù lọ sì ni mo ń lò lójoojúmọ́. Ìyá ìyàwó mi ti fi ife gíláàsì mẹ́fà ta wá lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé e láti Ìjẹ̀bú-Òde wá, wọ́n fi ìró wé e kó má fọ́. Láàárín ọdún kan, kùrukùru bo gbogbo wọn. Mo rò pé òkúta náà ló padà dé. Mo rẹ wọ́n sínú fínígà mọ́jú, kò lọ. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé gíláàsì fúnra rẹ̀ ló ti jẹ. Omi tó rọ̀ jù, ọṣẹ tó le àti ooru tó pọ̀ ló ń fà á, kò sì sí àtúnṣe fún un láyé. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìyá ìyàwó mi ti di olóògbé báyìí. Àwọn ife náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, mi ò lè kó wọn dànù.

Nítorí náà, bí ife yín bá ń funfun, ẹ fi òwú tó ní fínígà nu ibì kan lára rẹ̀. Tó bá lọ, òkúta ni, ẹ wo iyọ̀, ẹ sì gbé nọ́ńbà sókè díẹ̀. Tí kò bá lọ, ẹ gbé nọ́ńbà wálẹ̀, kí ẹ sì dín ooru kù.

Ẹ máa rọ rinse aid sí àyè tirẹ̀, bí táblẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ ní i nínú. Òun ló ń jẹ́ kí omi tán lára gíláàsì láìfi àpá sílẹ̀. Àwọn kan ń rọ fínígà síbẹ̀, èmi kì í ṣe é, torí ó lè ba rọ́bà inú ẹ̀rọ jẹ́. Asẹ́ ìsàlẹ̀ náà ń fẹ́ fífọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá nínú ilé tí wọ́n bá ti ń jẹ ẹ̀bà. Ọmọorogùn yín kò gbọ́dọ̀ dé inú ẹ̀rọ yìí, á sán.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí láti Houston tàbí Atlanta, ẹ̀rọ yín lè máà ní ihò iyọ̀ rárá, púpọ̀ nínú ti Amẹ́ríkà kò ní i. Bí ilé yín bá sì ti ní ẹ̀rọ ńlá tó ń rọ gbogbo omi ilé, ẹ fi nọ́ńbà sí òdo.

Ìyá Ìbejì, ẹ wá nọ́ńbà omi yín lálẹ́ òní, kí ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́ àti àwọn nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ. Mo máa bá yín ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó tan án.